Abẹ́rẹ́ Tí Bàbá Mi Kò Rí Gbà

Ọdún 2008 ni wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ jẹ̀dí-jẹ̀dí fún bàbá mi, ní ilé-ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, ohun tí mo sì rántí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí ìgbẹ́ kọ́kọ́ gbọ̀n wọ́n. Káfíńtà ni bàbá mi. Mo ti rí wọn rí nígbà tí ayùn gé ìka wọn, tí wọ́n fi àkísà di í, tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n di ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mú, wọ́n sì ń ké pe ìyá wọn tí ó ti di èrò ọ̀run láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi àti màmá mi dúró ní ìta, a kò rí ohunkóhun ṣe sí i. Abẹ́rẹ́ pentazocine ni nọ́ọ̀sì ń gún fún wọn nígbà tí a wà ní ilé-ìwòsàn, tramadol ni wọ́n sì kọ fún wọn nígbà tí a ń lọ sílé, bẹ́ẹ̀ oògùn méjèèjì ni ó máa ń mú kí ìgbẹ́ gbẹ nínú ìfun. Oògùn tí a fi ń lé ìrora alẹ́ lọ ni ó ń pèsè ìrora òwúrọ̀ sílẹ̀ dè wọ́n.

Igbe yẹn ni ó lé mi sá fún iṣẹ́-abẹ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rí lára ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta bí mo bá ti ya ìgbẹ́ tán, tí ó ń padà wọlé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìka ni mo fi ń tì í padà. Mo mu àgbo jẹ̀dí tí àwọn ìyá alágbo ń gbé kiri, mo sì jáwọ́ nínú ṣúgà, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún gbogbo wa pé ohun dídùn ni í fa jẹ̀dí-jẹ̀dí. Ṣúgà kọ́ ni ó ń fà á. Ìgbẹ́ líle tí a ń fi agbára tì jáde, ìjókòó pípẹ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oyún àti ọjọ́ orí ni ó ń mú kí tìmùtìmù ẹlẹ́jẹ̀ tí Ọlọ́run dá sí ẹnu ihò ìdí gbogbo ènìyàn wú, kí ó sì yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Nígbà tí mo fi gbà láti lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọdún 2023, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ sí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni ti obìnrin tí ara rẹ̀ le máa ń tó 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà wo inú ìfun mi láti rí i dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ ni ó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́-abẹ tó wáyé rárá.

Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún dókítà oníṣẹ́-abẹ. Wọn kò fojú kéré ẹ̀rù mi. Wọ́n fa bébà kan, wọ́n ya ihò ìdí sí i, wọ́n sì fa ìlà kan sí i ní ìbú, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní orí ìlà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìrora jẹ̀dí-jẹ̀dí dúró lé. Lókè ìlà náà, inú ìfun ni, ìfun kò sì mọ gígé, kò mọ jíjó. Kíkún àti fífà nìkan ni ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi rọ́bà kékeré so jẹ̀dí-jẹ̀dí tí ó wà nínú lọ́hùn-ún ní ọrùn kí ó lè rọ kí ó sì já, tí aláìsàn yóò sì dìde lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nísàlẹ̀ ìlà náà, awọ ni, awọ tí ohunkóhun kò lè fara kàn kí ó má mọ̀ ọ́n. Jẹ̀dí-jẹ̀dí tèmi ti dàgbà kọjá èyí tí rọ́bà lè kápá, ọ̀bẹ kò sì lè mú un kúrò láìkọjá ìlà.

Irú iṣẹ́-abẹ kan náà tí wọ́n ṣe fún bàbá mi ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, èyí tí Milligan àti Morgan ti ilé-ìwòsàn St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1937. Wọ́n á gé ìdì jẹ̀dí-jẹ̀dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, wọ́n á sì fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ láìrán, kí ó jiná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ọgbẹ́ mẹ́ta nìyẹn, ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìgbẹ́ ní láti gbà. Bí ọgbẹ́ náà bá ń ro, ẹran líle tí ó yí ihò ìdí ká, tí ó ń dí i bí okùn ṣe ń dí ẹnu àpò, yóò fún ara rẹ̀ mọ́ra láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì ti fún, ìrora á pọ̀ sí i, ìrora tí ó pọ̀ sí i yìí á sì tún mú kí ó fún sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọgbẹ́ nìkan ni ó ń dùn. Fífún yẹn ni ó ń mú kí ènìyàn máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fi iná jó.

Àwa Yorùbá máa ń pe ohun mẹ́ta ní iṣan: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tí a fi ń gbé nǹkan, àti èyí tí ó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Gbogbo ìròyìn tí ó ń ti ìsàlẹ̀ ìlà yẹn wá, iṣan kan ní apá ọ̀tún àti ìkejì rẹ̀ ní apá òsì ni ó ń gbé e. Ó ṣẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó jáde kúrò láàárín egungun ìbàdí, ó yí ṣóńṣó egungun kan ká, ó tún padà wọlé gba inú ọ̀nà tóóró kan tí Benjamin Alcock, onímọ̀ ẹ̀yà ara ọmọ ilẹ̀ Ireland, ṣàpèjúwe ní ọdún 1836, kí ó tó pín sí ẹ̀ka tí ó lọ sí ihò ìdí àti àwọn ẹ̀ka tí ó lọ sí ojú ara. Ìka dókítà lè fọwọ́ kan ṣóńṣó egungun náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń dènà de iṣan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá pa á kú fún ìgbà díẹ̀ ní apá méjèèjì, kì í ṣe pé ojú ọgbẹ́ kò ní lè ránṣẹ́ sí ọpọlọ mọ́ nìkan ni, ẹran líle tí ń fún ara rẹ̀ pa yẹn pàápàá á dẹ̀, nítorí láti ara iṣan kan náà ni èyí tí ó wà ní ìta nínú rẹ̀ ti ń gbàṣẹ.

Pudendal ni orúkọ iṣan yìí lẹ́nu àwọn oníṣègùn, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn tijú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo fi ronú sí orúkọ náà. Nínú ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi ń fi ìka ti ẹran ara mi padà, ọkọ mi àti ìyá alágbo nìkan ni wọ́n mọ̀. Bàbá mi ní tiwọn kò sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ìdí ni wọ́n ṣiṣẹ́-abẹ sí. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni ó ń dùn wọ́n. Nítorí pé a kò lè sọ ọ́ jáde, a kò lè béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti là á kọjá ṣáájú wa, dókítà nìkan ni ó sì kù tí ó lè sọ fún wa pé ohun kan wà tí ó lè dẹ ìrora náà. Bí dókítà náà kò bá sọ ọ́, ó tán nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́-abẹ, dókítà akunnilóorun wá bá mi. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ àbúrò mi pátápátá. Ó ní, “Mà, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni a máa kọ́kọ́ gún fún yín, ìsàlẹ̀ yín á kú, ẹ kò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń gé e. Ṣùgbọ́n èyíinì kò ní ju wákàtí mélòó kan lọ. Kí ó tó tán, a máa gún òmíràn sí apá méjèèjì, èyí tí yóò dúró tì yín di alẹ́.” Mo bi í pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ gún sí apá méjèèjì?” Ó ní bupivacaine ni, oògùn kan náà tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ó kàn jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń gún un sí yàtọ̀ ni.

Ohun tí ó wú mi lórí ni pé ó jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú mi. Kílò 64 ni mí. Mìlígíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ó ní òun kì í kọjá, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 128. Èyí tí òun fẹ́ lò jẹ́ ti ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún, mìlílítà 10 sí ọ̀tún, 10 sí òsì, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mìlígíráàmù 50. Kódà bí a bá fi ìwọ̀nba tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kún un, ó ṣì jìnnà sí ààlà. Ó ṣàlàyé ìdí tí ìṣirò náà fi ṣe pàtàkì. Bí oògùn yìí bá pọ̀ jù, tàbí tí ó bá ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ahọ́n àti ètè á kọ́kọ́ kú, etí á máa hó, ẹnu á máa ta bí irin. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀, gìrì á gbé aláìsàn, ọkàn rẹ̀ sì lè dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fa ìdí abẹ́rẹ́ sẹ́yìn wò kí wọ́n tó ti oògùn wọlé, bóyá ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì máa ń ti oògùn náà díẹ̀díẹ̀. Ó fi omi ọlọ́ràá funfun kan hàn mí nínú kọ́bọ́ọ̀dù tíátà ní ọjọ́ kejì, ó ní òun ni wọ́n máa ń fà sí ènìyàn lára bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ó lè gba oògùn náà kúrò lára ọkàn. Ó tún sọ pé nígbà mìíràn, apá kan lè kú kí ìkejì má kú dáadáa. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí pé ó sọ èyí tí ó lè bàjẹ́ náà fún mi.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe kò nira láti lóye. Kí iṣan tó lè ta ìròyìn sọ́dọ̀ ọpọlọ, ohun kan tí ó ń jẹ́ sodium, èyí tí ó wà nínú iyọ̀ tí a ń jẹ, gbọ́dọ̀ rọ́ wọ inú rẹ̀ láti ojú ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Oògùn náà á lọ dí àwọn ihò yìí. Ìròyìn á dé ibẹ̀, á sì kú síbẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi gbé oògùn náà lọ díẹ̀díẹ̀. Láti ọdún 1884, nígbà tí dókítà Carl Koller ní ìlú Vienna fi kokéènì pa ojú kú kí wọ́n lè ṣiṣẹ́-abẹ sí i, ni ayé ti mọ ọ̀nà yìí. Bupivacaine fúnra rẹ̀, orílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti ṣe é jáde ní ọdún 1957. Àwọn dókítà tí ń gbẹ̀bí pàápàá ti ń gún abẹ́rẹ́ sí iṣan pudendal tipẹ́tipẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ fi irin fa ọmọ jáde.

Wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ mi ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti mú mi ni wọ́n gún ti iṣan, nítorí náà n kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi ti jí, mo lè gbé e, mo lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí mi dà bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Mo tọ̀ fúnra mi ní aago mẹ́ta, èyí tí inú nọ́ọ̀sì dùn sí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́-abẹ yìí fún ni ìtọ̀ wọn máa ń di. Ìrora tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè dẹ ara sílẹ̀ wà lára ohun tí ń fà á. Mo jẹ àmàlà díẹ̀ pẹ̀lú ewédú ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń retí ìrora bí ẹni tí ń retí olè, kò wá.

Alẹ́ ni ewu wà. Abẹ́rẹ́ náà kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà bí iná mànàmáná. Ó máa ń pẹ́ tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà tí ó bá sì máa fi dẹwọ́, aláìsàn lè ti sùn. Dókítà kékeré yẹn ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe torí pé kò dùn mí kí n pa oògùn tì. Nítorí náà, láti ọ̀sán ni mo ti bẹ̀rẹ̀ paracetamol gíráàmù kan ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, pẹ̀lú ibuprofen lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí n kò ní ọgbẹ́ inú, kíndìnrín mi sì dára. Ẹni tí ó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ dá ibuprofen lò. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé mo ní ìdí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ń jí lẹ́yìn tí ó ti kú, lẹ́yìn náà ni ó di ìrora, ìrora tòótọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n oògùn ti wà lára mi kí ó tó dé. Mo sùn lọ́jọ́ náà. Bàbá mi kò fojú ba oorun fún òru mẹ́ta.

Bí mo ti ń ka ìwé kiri lẹ́yìn tí ara mi yá, mo rí i pé ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Yúróòpù, tí ń jẹ́ PROSPECT, tún gbé jáde ní ọdún 2023 lórí iṣẹ́-abẹ jẹ̀dí-jẹ̀dí fi pípa iṣan pudendal kú ní apá méjèèjì sí ara ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, pẹ̀lú paracetamol, irú oògùn bí ibuprofen, oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ àti ìpara metronidazole. Irú oògùn bí tramadol, wọ́n ní kí wọ́n fi í pamọ́ de ìgbà tí ìyókù kò bá tó. Mo tún kà nípa irú bupivacaine kan tí wọ́n fi ọ̀rá wẹ́wẹ́ bò kí ó lè pẹ́ lára, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2011, tí àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́-abẹ jẹ̀dí-jẹ̀dí fún sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára wọn. Ó wọ́n gógó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nílé níbí dúró dè é, nítorí èyí tí ó wà nínú tíátà wa, tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́-abẹ fún àwọn aboyún lójoojúmọ́, ni wọ́n lò fún mi.

Níbi tí wọn kò bá sì ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ tí ń wá ṣóńṣó egungun kiri, oníṣẹ́-abẹ fúnra rẹ̀ lè gún oògùn náà yí ihò ìdí ká kí ó tó parí iṣẹ́. Ìyẹn rọrùn jù, ó sì sàn ju òfo lọ fíìfíì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí aláìsàn bi dókítà kò ju méjì lọ, ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́-abẹ: “Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bá tán, kí ni ẹ ó fi dẹ ìrora náà fún mi?” àti “Oògùn wo ni n ó ti máa lò kí èyíinì náà tó tán?” Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ibi tí ó ní ìmọ̀lára tó bẹ́ẹ̀ jẹ aláìsàn ní gbèsè ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta dé. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń mu lactulose, oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀, mo ń mu omi púpọ̀, mo sì ń jẹ ìbẹ́pẹ. Agbára abẹ́rẹ́ ti tán pátápátá nígbà náà. Irọ́ ni yóò jẹ́ bí mo bá sọ pé ó ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìrora alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ kò pọ̀ jù fún mi, wọn kò gún mi ní pentazocine, ìgbẹ́ mi kò sì gbẹ. Ó dùn mí, ó ta mí, omi bọ́ lójú mi. Mo jókòó sínú ọpọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rọlẹ̀.

Nígbà tí mo fi jáde, bàbá mi ti wà ní pálọ̀. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí, wọ́n sì ti wọ ọkọ̀ wá láti àárọ̀ kùtùkùtù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí wọ́n mọ ọjọ́ tí ó jẹ́. Wọ́n wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀.

“Ṣé o ti lọ?”

“Mo ti lọ, Bàbá.”

“N kò gbọ́ ohùn rẹ.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí wọ́n gún un sí, bí ó ṣe pẹ́ tó, àti bí mo ṣe sùn. Wọ́n gbọ́ ọ láìdá mi dúró, wọ́n ń fi àtàńpàkò ra ìka tí ayùn gé nígbà kan rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá oògùn yìí ti wà ní ọdún tí wọ́n ṣe tiwọn. Mo sọ fún wọn pé ó ti wà.